Iṣẹ́ Tí Ànísà Ò Kà Sí Iṣẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2008, Mọ́síùrá ará Ìgbòho ń to àwo tó ń tà sórí tábìlì ní ọjà Adjamé, nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ànísà, jókòó sórí àpótí, ó ń kọ ìwé tó fẹ́ fi wáṣẹ́. Ilé ìtajà ńlá kan ní àdúgbò Zone 4 ló ń wá ẹni tí á máa ta ohun èlò ìdáná, ọ̀la sì ni gbèdéke. Ó ti lé lọ́dún kan tí Ànísà ti gba dípílọ́mà, kò tíì ríṣẹ́.

"Kà á kí n gbọ́," ni Mọ́síùrá wí. Òun ò mọ̀wé kà.

Ànísà ka orúkọ, ó ka ilé ìwé. Ó wá dé ibi tí wọ́n ti ní kó kọ iṣẹ́ tó ti ṣe rí.

"Mo kọ ọ́ pé kò sí."

Àwo bọ́ lọ́wọ́ Mọ́síùrá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwo irin ni!

"Kò sí kẹ̀? Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá lo ti ń bá mi tajà! Ta ló ń fi èdè Júlà dá àwọn ará Bouaké lóhùn? Ta ló ń fi Faransé tu àwọn madámù nínú? Ṣé iwin ni?"

"Màmá, ẹ má bínú. Mo kàn ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mọ́síùrá wọra. Ó fi àtẹ sílẹ̀ fún aládùúgbò, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn lórí iṣẹ́. Priscille tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín títí.

"Màmá ló jàre," ó ní. "Ànísà, wọn ò bi ẹ́ léèrè ẹni tó ń sanwó fún ẹ. Ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n ń bi. Kọ ọjà tí o tà, kọ iye ọdún tí o fi tà á, kọ èdè tí o fi ń tà á. Má bù mọ́ ọn, má sì bù kúrò níbẹ̀. Màmá náà lè fún ẹ ní ìwé ẹ̀rí."

"Èmi tí mi ò mọ̀wé?"

"Ẹ máa sọ ọ́, èmi á kọ ọ́, ẹ ó tẹ̀ka sí i."

Mọ́síùrá tún gèlè wé. "Kọ ọ́ pé kì í purọ́ fún oníbàárà. Kọ ọ́ pé tó bá fọ́ nǹkan, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá sọ. Kọ ọ́ pé tí ebi bá ń pa á, ojú rẹ̀ máa ń le."

"Màmá!"

"Ṣé irọ́ ni? Wọ́n ṣáà ní ká má bù kúrò níbẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ànísà sáré wọ ọjà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀gá ilé ìtajà ńlá náà ti ránṣẹ́ pè é, ó ti ka ìwé ẹ̀rí náà, ó ti rẹ́rìn-ín, ó ní kó ta ìkòkò kan fún oníbàárà kan tí kò gbọ́ Faransé. Ànísà fi Júlà kí obìnrin náà, ó ta mẹ́ta fún un.

"Màmá, wọ́n gbà mí! Lọ́jọ́ Ajé ni mo ń bẹ̀rẹ̀!"

Ijó ni Mọ́síùrá jó láàárín àwo, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, iṣẹ́ tí ẹ bá ìyá ṣe lọ́jà àti èyí tí ẹ kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín bó ṣe rí gan-an. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá ṣe é, kódà bí ìka ló máa tẹ̀. Bí kíkọ rẹ̀ bá ṣòro, ẹ wá àwọn agbaninímọ̀ràn lọ. Bí ẹ bá sọ pé ẹ ò ṣe nǹkan kan rí, ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ á gbà yín gbọ́ ni o.