Ilé Tí Koríko Bò ní Toledo

Kí ahọ́n mi gbẹ bí mo bá bu irọ́ kankan mọ́ ọn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Tyree. Vernon, àbúrò ìyá ẹ̀, ló ń ra ilé lọ́wọ́ àwọn tí ojú ń kán láti tà ní Toledo. Iṣẹ́ Tyree ni kó máa gun kẹ̀kẹ́ kiri, kó wá ilé tí koríko ti gùn, tí lẹ́tà ti kún àpótí ẹnu ọ̀nà. Vernon kìlọ̀ fún un: "Kan ilẹ̀kùn, kí wọn, béèrè bóyá wọ́n fẹ́ tà. Má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni o." Ó wá ṣèlérí pé bí ilé kan bá tipasẹ̀ ẹ̀ bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun á fún un ní mọ́tò òun àtijọ́.

Mọ́tò! Ẹsẹ̀ Tyree ò kanlẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó dé ilé arúgbó kan tó ń jẹ́ Màmá Odessa. Koríko ibẹ̀ ga débi pé erin méje lè sùn síbẹ̀ kẹ́nì kan má rí ìrù wọn. Ó kan ilẹ̀kùn. Arúgbó náà yọjú.

"Màmá, ìjọba ìlú ló rán mi," Tyree wí. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n á wó ilé yín nítorí koríko yìí. Ẹ yáa tètè tà á fún ẹnì kan tí mo mọ̀."

Màmá wọlé. Tyree rò pé bírò ló lọ mú. Ìbọn ló gbé jáde!

"Ọmọ mi ló máa ń gé koríko yẹn tẹ́lẹ̀. Oṣù kejì rèé tá a sin ín. Ẹni tó bá fẹ́ wó ilé ẹ̀, òun ni màá kọ́kọ́ wó!"

Tyree fẹ́ sá, ẹsẹ̀ kọ̀. Ihò ìbọn fẹ̀ lójú ẹ̀ bí ẹnu kànga.

"Irọ́ ni mo pa, màmá! Kò sẹ́ni tó fẹ́ wó o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí!"

Màmá gbé ìbọn sílẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún.

"Ìwọ ọmọ yìí, mo kúkú fẹ́ tà á. Mi ò lè máa wo yàrá ẹ̀ mọ́. Ká ní o bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn ni, màá ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹ. Lọ sọ fún ẹni tó rán ẹ pé kò ní rà á láé."

Vernon gbọ́, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Tyree lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n ní irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó lé e bá. Ti Tyree ò rìn tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù na ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ìbẹ̀rù náà ló máa gbé relé. Tyree gbé tiẹ̀ sáré débi pé ó kọjá ọkọ̀ ojú irin lọ́nà, awakọ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra...

Ẹnì kan láàárín àwọn tó ń gbọ́ ìtàn mi ló já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu: "Ó tó! Dìde níbẹ̀, máa lọ sílé yín!"