Ìwé Tó Sun Ọjọ́rú Mẹ́ta Nínú Dúróà

Búrẹ́dì ló wà lẹ́nu Akọ̀wé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Ó gbójú sókè láti orí tábìlì rẹ̀, ó rí ọmọge kan tó di fọ́ọ̀mù mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ni búrẹ́dì bá há a lọ́fun. Ikọ́ dé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọge náà sáré ṣí ike omi tirẹ̀ fún un.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kú. Ẹ fọwọ́ sí ìwé mi ná."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó tún wúkọ́. Kó tó mu omi yẹn tán, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára dé eegun. Ojú ọmọ náà tóbi, ó sì tutù, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ ló sì ń pè é láti ọjọ́ náà lọ.

"Kí ni mo lè bá ẹ ṣe?"

"Mo fẹ́ pààrọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, sà, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì tí mo bá wọ̀, wọ́n á ní kí n lọ sí òmíì. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́ẹ̀keje."

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́. Awò tó ń sọ kòkòrò kékeré di ńlá, ẹyọ kan péré ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní, àwọn mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n jọ ń tò sídìí rẹ̀. Kó tó kan Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ti gbẹ lórí gíláàsì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì, tó wà ní òdìkejì odò, kálukú ló ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kejì nìkan ni wọ́n máa ń gba àlejò sí. Ẹni tó bá ti wọ ọdún kejì níbí, ó ti pẹ́ fún un. Ọjọ́ Jímọ̀ tó parí oṣù ni wọ́n sì máa ti ilẹ̀kùn.

"Fọkàn balẹ̀," ni Akọ̀wé wí. "Ìwé èsì ìdánwò rẹ ni wọ́n ń dúró dè. A kì í fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n má baà yí èsì padà. Èmi ni màá kọ ọ́, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, màá lẹ àpò-ìwé náà pa, mẹ́séńjà á wá gbé e ní Ọjọ́rú. Ọjọ́rú nìkan ló máa ń wá."

"Ọjọ́rú mélòó ló kù, sà?"

"Mẹ́ta. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìwé ti délẹ̀, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, àpò ti lẹ̀. Akọ̀wé gbé e dání, ó fẹ́ jù ú sínú agbọ̀n mẹ́séńjà. Ni èrò kan bá yọ sí i: bí eléyìí bá lọ ní Ọjọ́rú, kí ni ọmọ náà máa wá ṣe níbí ní Ọjọ́bọ̀?

Ó fa dúróà, ó tẹ́ àpò náà síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sọ fún ara rẹ̀.

Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ wá ní Ọjọ́bọ̀, ó sì wá ní Jímọ̀. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ọ́fíìsì, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un.

"Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyá mi, wọ́n ní ká máa retí èsì. Ọjọ́ kẹta tí a sin wọ́n ni èsì dé. Oògùn tó yẹ kí wọ́n lò, kò ju ike kékeré kan lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ́ṣẹ́ yìí nìyẹn. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n débi pé kò ní sí ẹni tó máa retí èsì lọ́wọ́ mi títí."

Akọ̀wé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àánú rẹ̀ ṣe é, tọkàntọkàn. Síbẹ̀, Ọjọ́rú kejì dé, ó sì kọjá.

Obìnrin àgbà kan wà tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í rí.

"Àbúrò, àpò-ìwé ọmọ yẹn ńkọ́? Àbí o fẹ́ fi ṣe ìrọ̀rí ni?"

"Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ó kù díẹ̀ kí kí ni? Ìfẹ́ tó ń sé èèyàn mọ́lé, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń pè é níbòmíì o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tẹ̀wé yín."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú ìkẹyìn, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ ń rẹ́rìn-ín ṣáá. "Tí mo bá lọ, ta ló máa máa bó ẹ̀pà fún yín?"

Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò ní gbàgbé mi?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ọ̀hún ná!"

Eré ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ Akọ̀wé nínú bí ẹ̀gún. Nígbà tí mẹ́séńjà yọjú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó ní, "Akọ̀wé, ṣé nǹkan wà?", ó wo dúróà, ó wo mẹ́séńjà.

"Kò sí nǹkan."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló tó fi ìwé náà ránṣẹ́. Èsì tó bọ̀ kò ju ìlà méjì lọ: ìwé yín pẹ́, a ò lè gbà á. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ jókòó sí nínú ọ́fíìsì, tó ń sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

"Kí ló dé tó pẹ́? Kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ kọ́, ààyò mi. Àwọn ará ọ̀hún ni. Ìkà ni wọ́n."

Áńkáṣíìfù tirẹ̀ ló fi nu ojú rẹ̀. Ọmọ náà gbé orí lé e láyà, inú Akọ̀wé sì dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: inú rẹ̀ dùn.

Ọdún kan kọjá. Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ ń tò sídìí awò kan náà, ó sì ti di "olólùfẹ́ mi" àti "oyin mi" lẹ́nu Akọ̀wé. Òun náà ti gbàgbé "sà", "olówó orí mi" ló ń pè é. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ní ọkùnrin tó dúró ti ọmọ òun lọ́jọ́ ẹkún, òun ò lè lé e. Ìyá Akọ̀wé, tó jẹ́ aránṣọ, ti wọn ara ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni tó dá ọjọ́.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta kan ni àwọn ẹbí méjèèjì pàdé nílé káfíńtà, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn àgbà wà ní pálọ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì yọ́ jáde sẹ́yìnkùlé, láàárín pákó àti ìyẹ̀fun igi.

"Sọ ohun kan fún mi tí o ò tíì sọ rí," ni Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ wí.

Ayọ̀ ti pa Akọ̀wé bí ọtí. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹ̀bùn tó dùn tó èyí. "O rántí ìwé rẹ tó pẹ́? Èmi ni mo fi pamọ́. Inú dúróà mi ló wà. Mo kàn ń wò ó lójoojúmọ́ ni, mi ò lè jẹ́ kó lọ. Ṣé o rí bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ tó?"

Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà dúró sójú rẹ̀ bí ohun tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀.

"Ọjọ́rú mélòó?"

"Mẹ́ta. Olólùfẹ́—"

"Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún ẹ. Ṣé ó ti wà nínú dúróà nígbà yẹn?"

Akọ̀wé tẹjú mọ́ ìyẹ̀fun igi nílẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí ti bọ́, ó sì ti fọ́.

Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ wọlé lọ bá àwọn àgbà, ó rò ó fún wọn láìgbé ohùn sókè. Ìyá Akọ̀wé ló kọ́kọ́ fèsì, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ìyàwó mi, ìfẹ́ ló fi ṣe é! Bàbá ọmọ yìí ò fi nǹkan kan pamọ́ nítorí tèmi rí láyé."

Àǹtí Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ náà fi tirẹ̀ kún un. "Nítorí bébà? Ẹni tí a ti dá ọjọ́ fún? Wàá dójú tì wá. Ṣé o rò pé ọkọ ń hù lórí igi ni?"

Káfíńtà ò wo ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ọmọ rẹ̀. "Òun ni wọ́n ṣe é sí. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Ẹ máa lọ sílé," ni Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ wí. "Gbogbo yín. Ẹ kú ìnáwó-ìnára."

Odindi oṣù méjì ni Akọ̀wé fi ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà káfíńtà. Gbogbo ìgbà tó bá dé, ayùn á máa dún nínú ìsọ̀, kò sẹ́ni tó máa yọjú. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Ó ti ṣe ìdánwò àṣewọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì òdìkejì odò, ó yege. Ọdún kìíní ló máa bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò lọ síbì kan rí. Ọdún méjì ti wọgbó. Ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà á láìsí ìwé ìdágbére láti kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, tábìlì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti ń kọ ọ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ìwé ìdágbére ni mo wá gbà. Màá dúró gbà á."

"Sà" yẹn dun Akọ̀wé ju ìgbájú lọ. Ó kọ ìwé náà. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá fọwọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

"Ṣé kò sí ọ̀nà kankan mọ́?" ó bi í. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí o bá lọ, o ti lọ nìyẹn."

Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ wò ó tààrà. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo bi yín pé ta ló máa máa bó ẹ̀pà fún yín, kí n tó wá bá yín, mo ti lọ sí gáráàjì lọ bèèrè ọkọ̀. Wákàtí méjì péré ni láti ọ̀hún síbí. Mo ti pinnu pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni màá máa wá yín wá. Ọjọ́ tí ìwé mi bá jáde ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ bá mi tẹ òǹtẹ̀ sí i, sà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà fẹ́ atẹ́gùn sí i kí yíǹkì gbẹ, ó ká ìwé náà sí méjì, ó ní ẹ ṣé, ó jáde.

Obìnrin tó ń tẹ̀wé ò gbójú sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé jókòó, ọwọ́ ṣì wà lórí òǹtẹ̀, ó ń ka iye ọjọ́ Jímọ̀ tó wà nínú ọdún kan.