Abẹ́rẹ́ Inú Báàgì Ọmọ Aránṣọ

Òjò ọ̀sán kan wà tó máa ń rọ̀ bíi pé kò ní ibi tó ń lọ. Irú rẹ̀ ló ń rọ̀ lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri ń mì lẹ́lẹ́, oorun sì ń kùn gbogbo ẹni tó bá jókòó pẹ́.

Aránṣọ yìí ní òfin kan. Kò ní fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà láìjẹ́ pé oníbàárà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń fẹ́.

"Ọrùn rẹ̀ ńkọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì? Ṣé roboto ni àbí onígun?" Aránṣọ ló ń bi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àdúgbò, tó wá rán aṣọ tuntun.

"Èyí tó bá ti wù yín náà ni."

"Rárá o. Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní roboto lòun fẹ́. Ìgbà yẹn ni aránṣọ tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ọmọ aránṣọ fi ti ilé ìwé dé, tòun ti báàgì tí òjò ti rin. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kì í janpata. Ohun tí ẹ bá ní kó ṣe ló máa ṣe, aránṣọ tó jẹ́ ìyá rẹ̀ a sì máa fi yangàn.

"Jẹ́jẹ́, káàbọ̀. Ṣé ebi ò pa ẹ́?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Ebi kì í pa á nírú àsìkò yìí," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Kí lo fẹ́ dà tó o bá dàgbà?"

"Aránṣọ ni, bíi tèmi."

"Mo tiẹ̀ rò pé ọmọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín, torí ó rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà lọ sídìí àpótí òwú. Nínú dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, nọ́ọ̀sì rí i tó mú abẹ́rẹ́ kan, tó fi bébà wé e, tó sì rọra tì í bọ báàgì.

"Kí lo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yẹn ṣe?" Ohùn rẹ̀ ò le rárá.

Jẹ́jẹ́ ò purọ́. "Wọ́n ní kí n mú u wá lọ́la ni, mà. Àwa márùn-ún la fẹ́ ya ìràwọ̀ sí ọrùn ọwọ́. A máa fi abẹ́rẹ́ gún un, a wá fi yíǹkì sí i. Ọ̀gá wa ló sọ bẹ́ẹ̀." Ọ̀gá tó ń wí yìí, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ni, tí ohùn rẹ̀ ròkè ju tàwọn yòókù lọ.

"Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo fún ẹni márùn-ún? Ìwọ ńkọ́, ṣé o fẹ́ ẹ?"

Jẹ́jẹ́ gbójú sókè, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó ń dúró kí ìdáhùn ti ibẹ̀ jáde.

Igbe ni ìyá fi ta: "O ò gbọdọ̀ bá wọn ṣeré mọ́ láyé!"

"Ẹ ti tún bá a dáhùn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó yíjú sí ọmọ. "Ẹ̀jẹ̀ tó bá wà lára abẹ́rẹ́ lè kéré débi pé ojú ò ní rí i. Ó sì lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí kòkòrò éèdì láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíì. Ẹni tó ní in lára gan-an lè má mọ̀."

Ó wá kọjú sí ìyá. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í gé aṣọ títí olówó rẹ̀ á fi sọ̀rọ̀, ẹ ti gé ọmọ yìí tán láti òkè délẹ̀, ẹ ò bi í léèrè rí. Ọmọ tó ń gbọ́ràn dáa. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹni tó bá ṣáà ti pariwo jù ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, lọ́la kò ní jẹ́ ẹnu tiyín. Ọmọ tí kò rí 'rárá' sọ nílé, níbo ló ti fẹ́ rí i sọ níta?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ aránṣọ léegun. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ṣé o fẹ́ ẹ?" Ó sì dúró. Ẹ̀yin èèyàn mi, dídúró yẹn ò rọrùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ la ẹnu, ẹ̀ẹ̀mejì ló pa á dé.

"Mi ò fẹ́," ni Jẹ́jẹ́ wí nígbà tó yá. "Ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ tí mi ò bá ṣe é, wọn ò ní bá mi jókòó mọ́."

Nọ́ọ̀sì ò tan án jẹ. "Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì máa dùn ẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi dánra wò."

Ni ìyá bá di ọ̀gá kíláàsì. Ó fi teepu ìwọnṣọ kọ́rùn, ó fọwọ́ sí ìbàdí: "Ìwọ Jẹ́jẹ́, abẹ́rẹ́ dà? Àbí ojo ni ẹ́?" Ọmọ sọ "rárá" lẹ́ẹ̀kan, kò yọ sétí. Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ti ń wo ìyá rẹ̀ lójú: "Rárá. Mi ò mú un wá, mi ò sì ní ṣe é. Ẹ jẹ́ ká fi bírò yà á."

Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú báàgì, ó dá a padà sínú àpótí òwú. Bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n kó àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Nígbà ìsinmi, òun nìkan ló jókòó sídìí fèrèsé, tó ń wo bí oòrùn ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì. Ó pẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn tó wá bá a. "Èmi náà ò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀," lọmọ yẹn wí. "Mo rò pé èmi nìkan ni." Lọ́sẹ̀ yẹn náà, nọ́ọ̀sì lọ bá gbogbo kíláàsì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá náà ló béèrè ìbéèrè jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, aránṣọ tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé kan sórí tábìlì, èyí tó ti ń fi pa mọ́ de ọmọ rẹ̀. "Ṣé ó wù ẹ́?"

Jẹ́jẹ́ wò ó títí. "Rárá, màmá mi. Ẹ ṣeun. Aláwọ̀ sánmà yẹn ni mo fẹ́."

Ó dun ìyá díẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ wá dùn débi pé ó ní láti gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín ní ohun tó ń fẹ́, kí ẹ sì dúró gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó máa yan nǹkan kéékèèké nílé, kó lè dá nǹkan ńlá rò níta. Tó bá fi ọ̀wọ̀ sọ pé "rárá", ẹ má pè é ní aláfojúdi. Abẹ́rẹ́ tàbí bíléèdì tó ti kan ara ẹnì kan kò gbọdọ̀ kan ara ẹlòmíì. Tó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má lu ọmọ, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnu yín ò ní sí nítòsí. Ẹnu tirẹ̀ ló máa wà níbẹ̀.