Níbo Ni Afẹ́fẹ́ Kọjú Sí?

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2022, ìjì òjò àkọ́rọ̀ jà ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, ó sì gbé tapólì tí wọ́n ta bí àtíbàbà fún eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Gbogbo ènìyàn sá. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni kò sá. Ó gbé ojú sókè bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀, ó dúró títí afẹ́fẹ́ fi sinmi díẹ̀, ó wá fa okùn kan péré. Tapólì náà balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀bùnọlá, tíṣà kíláàsì kẹta, wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà tó kó mọ́ra. Ọkùnrin náà fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ta á?" Ẹ̀bùnọlá bi í. "Ẹ ò ta á dáadáa."

"Èmi ni mo rán an, Tíṣà. Ẹlòmíràn ló ta á. Ẹ má bú télọ̀ nítorí ẹni tí kò mọ aṣọ wọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ẹ̀bùnọlá kó tó mọ̀. Okùn ti bó àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ẹ̀bùnọlá fi ìborùn rẹ̀ dì í.

Olúwarótìmí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí odò ti ń wọ inú òkun. Yàrá kan ló gbà ní Òkè-Ìlá ní Adó, iwájú rẹ̀ ló ti ń rán tapólì. Òkun gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lórí ẹní, nínú ilé onílé. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Akínbọ́lá, ló kù sí ẹnu odò náà.

Akínbọ́lá ń gun pákó ìgbòkun: pákó gígùn tí ènìyàn ń dúró lé lórí omi, tí aṣọ ìgbòkun wà lórí òpó rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń tì. Ó ń kọ́ àwọn àlejò tó bá ti ìlú ńlá wá. Rótìmí ló ń rán aṣọ ìgbòkun náà fún un.

Bí iléèwé bá ti jáde, Ẹ̀bùnọlá a yà sí Òkè-Ìlá, a jókòó lórí tapólì tí wọ́n ká, a máa máàkì ìwé àwọn ọmọ.

"Ẹ̀bùn mi, gbogbo ìwé lo ti máàkì. Èmi ńkọ́, mélòó ni mo gbà?"

"Márùn-ún nínú mẹ́wàá. O kì í jẹun lásìkò."

"Tó bá jẹ́ ìwọ lò ń sè é, màá gba mẹ́wàá."

"Èmi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí oúnjẹ?"

"Méjèèjì, àyànfẹ́ mi. Má pín wọn."

Bàbá Ẹ̀bùnọlá, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè, fi ọdún márùndínlógójì kọ́ Jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìntì. Ó wo Rótìmí láti òkè délẹ̀.

"Ulé bàbá rẹ ńkọ́?"

"Inú òkun ló wà, sà."

"Sàréè bàbá rẹ?"

"Ibẹ̀ náà ni, sà."

"Mi ò lè fa ọmọ mi fún ẹni tí mi ò mọ orírun rẹ̀. Jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ wá, kí n rí ojú wọn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan."

Ẹnì kan náà ni Akínbọ́lá. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ keje oṣù kìíní ọdún 2023.

Ní ẹnu odò, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń kọjá lórí fóònù, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù kẹjọ, Ẹ̀bùnọlá ló ń wo ojú ọjọ́ ibẹ̀ fún Akínbọ́lá láràárọ̀ lórí fóònù tirẹ̀ ní Adó.

"Ìyàwó!"

"Ọkọ mi kékeré, ṣé o jí ire?"

"Kékeré kẹ̀? Kí ẹ tó wá sílé wa ni wọ́n ti bí mi. Ọkọ ni mí pátápátá. Afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlá."

Agbára afẹ́fẹ́ nìkan ló máa ń béèrè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, inú òkun ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ẹni tó bá ṣubú, afẹ́fẹ́ náà ni yóò tì í padà sí ilẹ̀.

Ní ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní, ọyẹ́ mú. Ojú omi pa rọ́rọ́.

"Ìyàwó, kò sí afẹ́fẹ́ níbí o. Ṣé ó máa dé?"

"Aago mẹ́sàn-án. Mẹ́tàdínlógún."

"Níbo ló kọjú sí?"

Kò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀bùnọlá wo fóònù. Lẹ́tà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà: N. Ó mọ ohun tó dúró fún.

"Àríwá."

"Apá ilẹ̀ ló ń lọ nìyẹn. Ó dáa. Màá gun ún díẹ̀, ọ̀la ni mo ń bọ̀ ní Adó. Ẹ gún iyán dè mí."

"Ará etí òkun mọ iyán?"

"Ẹ fi iyán gba bùrọ̀dá mi, ẹ ò ní jẹ́ kí n tọ́ ọ wò?"

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, Akínbọ́lá ti fi ọwọ́ tu pákó rẹ̀ kọjá ẹnu odò. Afẹ́fẹ́ dé láti orí ilẹ̀, ó kọjú sí òkun, omi odò náà sì ń fà jáde. Àwọn apẹja fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n rí pákó náà ní ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ Sátidé tó yẹ kí wọ́n wá tọrọ rẹ̀, bàbá Ẹ̀bùnọlá bi í pé kí ló sọ fún ọmọ náà. Ó sọ ọ́. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀bùn, afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ orúkọ ibi tó ń lọ. Orúkọ ibi tó ti wá ló ń jẹ́."

Ẹ̀bùnọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ó lọ sí Òkè-Ìlá, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Rótìmí. "Èmi ni mo sọ fún un pé kó máa lọ."

Rótìmí kò bú u. Ó ká tapólì tó wà níwájú rẹ̀, igun kan, igun kejì, títí ó fi tán.

"Ẹ máa lọ sílé, Tíṣà."

Fún oṣù méje, Rótìmí kò gbé ìpè Ẹ̀bùnọlá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, Rótìmí kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè. Ó ti rù. Ẹ̀bùnọlá àti ìyá rẹ̀ wà ní pálọ̀.

"Ta ló bá ọ wá?" ni bàbá bi í.

"Èmi nìkan ló kù, sà." Ó kọjú sí Ẹ̀bùnọlá. "Èmi ni mo kọ́ Akínbọ́lá bí a ṣe ń béèrè afẹ́fẹ́. 'Níbo ló kọjú sí?' Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́ ọmọ náà. Mi ò kọ́ ọ pé kó béèrè ibi tó ti wá. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bi rẹ nìkan, mo gbìyànjú ẹ̀ fún oṣù méje. Kò ṣeé ṣe."

"Ṣé wàá lè máa rí ojú mi láràárọ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe rí láràárọ̀ tí mi ò rí i."

Bàbá ní, "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba orúkọ. Mi ò kọ́ tèmi nínú ulé mi."

Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Rótìmí, ó jókòó, ó sì kọjú sí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Ẹ̀bùn," ó ní, "ọmọ la wá tọrọ."

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ènìyàn mọ́kànlá ló wá. Wọn kò rí òkú Akínbọ́lá. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni.