Dónétọ̀ Tí Kò Lórúkọ

Ọ̀sán Túsìdeè ni owó wọlé sórí fóònù Ajíbọ́lá. Fóònù yẹn gbọ̀n! Ó gbọ̀n débi pé gbogbo àdúgbò Ailegun rò pé jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan ló ń ṣe báyẹn. Ẹ má pè mí lónírọ́, ẹ ò tíì gbọ́ ibi tó le.

"Fawziyyah! Wá wò ó! Dónétọ̀ tún ti rántí wa!"

Àwọn méjèèjì ló dá ẹn-jí-ò kékeré kan sílẹ̀. Yàrá kan, àga mẹ́ta, fáànù tó ń ké bí àgbò iléyá. Àwọn ọmọ tí ò sóúnjẹ nílé wọn ni wọ́n ń bọ́. Fawziyyah ló ń sebẹ̀, Ajíbọ́lá ló ń sọ gírámà. Òun ló ní kí wọ́n máa gba krípítò, owó orí fóònù tí kì í gba báńkì kọjá. Oṣù mẹ́ta ló fi gbé àdírẹ́sì wọn síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, eṣinṣin ò bà á. Àfi ọ̀sẹ̀ yìí. Ó wọlé ní Sọ́ńdè, ó wọlé lánàá, ó tún wọlé lónìí.

Fawziyyah ò rẹ́rìn-ín. "Ta ló fi ránṣẹ́?"

"Krípítò kì í lórúkọ. Ìyẹn gan-an ladùn ẹ̀."

"Ajíbọ́, ẹni tó bá ṣe sàárà á ní ká ṣàdúrà fóun. Tìẹ ò fẹ́ àdúrà?"

"Ìwọ ṣá! Tí wọ́n bá fún ẹ ní mọ́tò, wàá béèrè ẹni tó bí táyà ẹ̀."

Ẹnu ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí Ìyá Ṣemílọ́rẹ fi já wọlé, ó gbé ọmọ ẹ̀ ọdún méje dání. Oòrùn ọjọ́ yẹn lè din ẹyin lórí páànù, mo fi orí mi búra. Ṣùgbọ́n ara ọmọ yẹn tutù bíi ẹja títù inú fíríìsà. Yìnyín funfun wà lórí ìpéǹpéjú ẹ̀. Ètè ẹ̀ ti dúdú.

"Ẹ gbà mí o! Ní Sọ́ńdè, ìka ọwọ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ tutù. Lánàá, ó dé ẹsẹ̀. Báyìí, ó ti dé àyà!"

Sọ́ńdè. Àná. Òní. Fawziyyah fa rẹ́jísítà yọ. Inú ẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ sí, pẹ̀lú orúkọ ìyá tó bí wọn. Ẹnì kan ti fi bíléèdì gé ìlà Ṣemílọ́rẹ kúrò, gégé, bí ẹni gé èékánná.

Ó wo Ajíbọ́lá. Òógùn ti bo ìyẹn.

"Kí lo fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

Ajíbọ́lá ti bẹ́ síta. Fawziyyah àti ìyá ọmọ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ní Ìsọlọ̀. Ajíbọ́lá fò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ṣógúnlé.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì kan, kóòdù-rúùmù tí wọ́n ti ń kó ẹja sí tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni iná ò ti débẹ̀. Síbẹ̀, bó ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, òtútù gbá a létí. Inú ẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò. Òórùn ẹ̀jẹ̀ àti ẹja. Babáṣọlá adáhunṣe jókòó sórí páálí, ó ń họ ìpẹ́ kúrò lára nǹkan kan. Kì í ṣe ẹja.

"Bàbá, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀! Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ máa gbà, bíi ti abẹ́rẹ́!"

"Díẹ̀ náà ni. Díẹ̀ lójoojúmọ́."

"Màá dá owó tẹ́ ẹ fi ra orúkọ ẹ̀ padà!"

Babáṣọlá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo kọ́ mi lówó orí fóònù ẹ yẹn. Tó bá ti lọ, ṣé ó ń padà?"

"Rárá, sà."

"Tèmi náà kì í padà. Ó kàn lè kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì ni." Ó ju bébà àti bírò sí i. "Orúkọ. Orúkọ ìyá. Tètè, ọkàn ọmọ yẹn nìkan ló kù."

Ajíbọ́lá kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ara ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Akọni! Ó fa ìlà lé e. Ta ló mọ àṣírí yìí? Fawziyyah. Ta ni ìyá ẹ̀? Gbogbo Ailegun mọ Àlùhájà Roqeebah. Obìnrin yẹn ti bu oúnjẹ fún Ajíbọ́lá àìmọye ìgbà. Ó kọ ọ́: Fawziyyah, ọmọ Roqeebah.

Babáṣọlá fi bébà náà sẹ́nu, ó ń jẹ etí ẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ láàárín eyín:

"Òtútù tó pa ẹja tí ò jẹ́ kó rà, gbọ́ orúkọ, wá ẹni. Bó bá jẹ́ ẹ, jókòó tì í. Bí kò bá jẹ́ ẹ, má sùn síta. Padà sọ́wọ́ tó kọ orúkọ."

Nǹkan kan fẹ́ bí atẹ́gùn, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, fúú. Wọ́n dúró. Ajíbọ́lá ti ń mí kanlẹ̀.

Fúú. Ó padà wọlé.

Bírò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fà á, awọ ọwọ́ ẹ̀ tẹ̀ lé e. Òtútù gun apá, ó gun ọrùn. Ó fẹ́ pariwo, ahọ́n ẹ̀ ti di òkúta lẹ́nu. Eyín ẹ̀ ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́, kọ́, kọ́. Omi ojú ẹ̀ dì kó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ní Ìsọlọ̀, Ṣemílọ́rẹ sín. Ó ní òun fẹ́ búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá kan wá bá Fawziyyah ní ọ́fíìsì. Wọ́n ti rí Ajíbọ́lá, ó gan bí ẹja pánlá. Kò sẹ́lòmíì níbẹ̀. Bébà kan tí wọ́n ti jẹ etí ẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

"Orúkọ yín ló wà níbí. Roqeebah yìí ńkọ́?"

Fawziyyah jókòó wọ̀ọ̀. "Àǹtí màmá mi ni. Àwọn ló tọ́ mi. Ẹni tó bí mi kú sí Ìsẹ́yìn kí n tó mọ ìjókòó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ládùúgbò yìí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ọlọ́pàá ṣí fọ́ọ̀mù, ó tẹ bírò. "Kí wá ni orúkọ ìyá tó bí yín gan-an?"

Fawziyyah wo bírò yẹn. Ó wo ojú ọkùnrin yẹn.

"Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, ọ̀gá."