Fóònù Ni Wọ́n Gbàdúrà Fún, Wọ́n Gbàgbé Ọwọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Ẹ̀yẹolúwa fẹ́ lọ ṣèdánwò, gbogbo nǹkan ló ń lọ déédéé nílé wọn ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀yẹ ti wẹ̀, ó ti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, iná sì ti kún inú fóònù rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Àbíkẹ́, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé, ń wo fóònù náà bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Ó nídìí. Ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní differential equation ti gbé Ẹ̀yẹ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní yunifásítì tó ń lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún àṣekágbá rẹ̀ nìyí. Bó bá tún fìdí rẹmi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ ṣe àgùnbánirọ̀, òun á dúró. Ìyẹn ló ṣe wá sílé fún oṣù kan gbáko, tó ń wo fídíò àwọn tíṣà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Fídíò mọ́kànlélógójì, tíṣà mẹ́tàdínlógún. Àbíkẹ́ ní ọmọ òun ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, ó ń kàwé. Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé fóònù náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, torí inú ẹ̀ ni tíṣà wà. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n ta òróró sí i lórí. Òróró wọ ibi tí ohùn ń gbà jáde, látọjọ́ náà sì ni gbogbo tíṣà mẹ́tàdínlógún ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.

"Ẹ̀yẹ, ṣé ó ti yé ẹ báyìí?"

"Ó yé mi yékéyéké, Màmi."

Nínú bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá kan tó ń tún fíríìjì ṣe, Adéríbigbé lorúkọ rẹ̀, yọjú wo fóònù ọmọ náà.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń fi gbogbo kiní yìí ṣe?"

Ẹ̀yẹ tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá bu ògì gbígbóná sábọ́, kíá ló máa kọ́kọ́ ń tutù. Bó bá ti wá ń sún mọ́ bí inú ilé ṣe tutù sí, á máa rọra. Ìṣirò yìí ló ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà, ká lè mọ ohun tó máa dà tó bá yá."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe fíríìjì," ni Adéríbigbé wí, "ẹnikẹ́ni ò là á yé mi báyìí rí."

Gbogbo èrò ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, dẹ́rẹ́bà ní kí wọ́n rọra, pé Purofẹ́sọ̀ fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀.

Purofẹ́sọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìbéèrè kìíní: dy/dx + 2y = 4. Ẹ̀yẹ rẹ́rìn-ín. Ó mọ ojú ìbéèrè yìí dáadáa, ó tiẹ̀ rántí ṣẹ́ẹ̀tì tí tíṣà wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbé bírò. Bírò dúró.

Tíṣà oníṣẹ́ẹ̀tì búlúù ní kí wọ́n kó y sí apá kan, kí wọ́n kó x sí apá kejì. Tíṣà onírùngbọ̀n ní kí wọ́n fi e²ˣ sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀. Èwo wá ni òótọ́? Ẹ̀yẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti oníṣẹ́ẹ̀tì. Ní ìlà kejì, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó fò sínú ti onírùngbọ̀n. Ní ìlà kẹrin, ó rántí tíṣà kẹta, èyí tí kì í kọ dy/dx rárá, àmì kékeré ló máa ń fi sórí y. Ó fi àmì náà sí i. Kò mọ ibi tó wà mọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, orúkọ rẹ̀ nìkan ló dá a lójú nínú ìwé náà.

Èsì jáde. Ó fìdí rẹmi. Ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Saifudeen.

"Sà, fídíò mọ́kànlélógójì ni mo wò."

"Mo gbà ẹ́ gbọ́. Mélòó lo fọwọ́ ara ẹ ṣe?"

"Ọ̀kan ò sí, sà."

"Ọ̀nà méjèèjì tó o gbà ló dáa," ni Dókítà wí. "Èyíkéyìí tó o bá tẹ̀ lé dópin, y = 2 + Ce⁻²ˣ ló máa já sí. Àwọn tíṣà yẹn ò bára wọn jà. Ìwọ lo bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ kan láàárín igbó, tó o wá ń dá èkejì dúró níbi tí kì í gbà kọjá."

Ó di kó tún lo ọdún kan sí i ní yunifásítì.

Nígbà tó dé Ọ̀yọ́, Àbíkẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú Precious, ọmọṣẹ́ rẹ̀, tó ń gé búláòsì lórí ìwé sìmẹ́ǹtì. Nínú ṣọ́ọ̀bù náà, kò sí ọmọṣẹ́ tó máa fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà àfi tó bá ti gé tìwé ní àgétúngé. Ẹ̀yẹ sunkún ròyìn. Ó ń retí ariwo, àmọ́ Àbíkẹ́ fa àpótí.

"Gbé tíṣà ẹ wá, kí n rí i."

Wọ́n jọ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àbíkẹ́ ń mi orí. Tíṣà fimú bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn. Àbíkẹ́ ní ó yé òun.

"Ó yé yín, Màmi?"

"Yékéyéké. Kí wọ́n máa gbé sátífíkéètì mi bọ̀."

Precious bú sẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó da fóònù dojú bolẹ̀. "Èyí tó ṣe tán báyìí, ṣe é lójú mi."

Ẹ̀yẹ ò kọjá ìlà kejì.

"Precious, oṣù mélòó lo fi wò mí níbi tí mo ti ń gé aṣọ?"

"Oṣù méje, Àǹtí."

"Ọjọ́ wo lo tó mọ̀ ọ́n gé?"

"Lẹ́yìn tí mo ti ba ìwé sìmẹ́ǹtì bí ogún jẹ́."

Àbíkẹ́ yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi gan-an ni mo ṣìṣe. Fóònù ni mo gbé lọ síbi àdúrà. Mi ò bèèrè ọwọ́ ẹ rí." Ó ya ìwé sìmẹ́ǹtì kan, ó tẹ́ ẹ síwájú ọmọ rẹ̀.

Látọjọ́ náà, tíṣà kan ṣoṣo ni Ẹ̀yẹ mú. Tí tíṣà náà bá ti ka ìbéèrè tán, Ẹ̀yẹ á dá a dúró, á kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, lẹ́yìn náà á wá wo ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti tíṣà. Á mú ìdáhùn padà sínú ìbéèrè. Tí kò bá bá a mu, á wá ibi tó ti ṣìnà. Lọ́jọ́ kejì, á tún un ṣe láìwo fídíò. Èyí tí kò bá yé e, á gbé e lọ bá Dókítà Saifudeen. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló rí ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ tí fọ́tò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ àgùnbánirọ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ gan-an ló ṣe ẹ̀kẹta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dá tíṣà dúró, ó ń kọ ọ́ lọ. Ó mú ìdáhùn padà sínú ìbéèrè. Ó bá a mu. Ó na ọwọ́ sí fóònù kó lè mọ ohun tí tíṣà máa wí. Fóònù ti kú tipẹ́.

Ìdánwò rẹ̀ ṣì ku oṣù mẹ́ta, kò tíì yege. Ẹ̀yin òbí, tọ́mọ yín bá ní òun ń kàwé lórí fóònù, ẹ má bi í pé mélòó ló wò. Ẹ gba fóònù náà, ẹ fún un ní bírò, kẹ́ ẹ ní kó ṣe ọ̀kan lójú yín. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ náà, má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi ọ́ nínú gbọ̀ngàn. Dá fídíò yẹn dúró báyìí, kó o wá ìwé.