Awò Kọkànlá

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo, kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́. Ojú mi dá ṣáṣá, mi ò lo jígí rí. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á sọ fún yín pé ẹnu mi mú, ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ pé mò ń parọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ lójú mi, ní ọ̀sán gangan, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìta gbangba ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a máa ń jáde sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, a máa ń wo ẹyẹ, a máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù òkè òkun kò mọ ẹ̀gà yàtọ̀ sí ológoṣẹ́. Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í dúró de ọmọ tó ń pariwo. A nílò awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní bainókúlà. Àwọn òbí dá owó díẹ̀, kò tó ra tuntun. Ni mo bá pe Bánkẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ni Bánkẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tá a ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ la ti pàdé, ọdún kọkàndínlógún rèé. Ará Iléṣà ni, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bí Ayọ̀mídé ọmọ rẹ̀, tí iṣẹ́ abẹ kò jẹ́ kó lè dìde, èmi ni mo wẹ ọmọ náà fún odindi oṣù kan. Nígbà tí mò ń rọbí Humairah tèmi, òun ló di ọwọ́ mi mú títí. Kò sí Iléyá tí kì í jẹ ẹran nílé mi, kò sí Kérésì tí èmi kì í jẹ ìrẹsì nílé rẹ̀. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà yẹn pé Bánkẹ́ lè ṣe mí ní jàǹbá, ǹ bá gbá onítọ̀hún létí.

"Àbúrò bàbá mi ń ta irú ẹ̀," ó ní. "Tòkunbọ̀ ni. Máa bọ̀ ní Sátidé."

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, lẹ́yìn ọjà, ní Iléṣà. Bàbá Awóníyì ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ó tín-ín-rín, ó mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó da bí ọgbọ̀n awò sórí tábìlì níwájú mi, ó sì jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ra ọjà. Ẹnikẹ́ni kì í rẹ́ èmi Kàdíjátù jẹ. Mo mi ọ̀kọ̀ọ̀kan létí. Èyí tí nǹkan bá ń dún nínú rẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi wo pátákó tó wà ní òdìkejì títì. Èyí tó bá fi lẹ́tà hàn ní méjì-méjì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tẹ̀ ẹ́ láti mọ̀ bóyá ó lè fún mọ́ra tó ojú ọmọdé, torí ojú tiwọn kò jìnnà síra bíi tàgbà. Mo fa okùn ọrùn rẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò ni mo fẹ́, torí ó dájú pé ọmọ á jẹ́ kó bọ́. Mi ò wá èyí tó ń fa nǹkan sún mọ́ni jù. Ọwọ́ ọmọdé máa ń gbọ̀n, ohun tó ń wò á sì máa jó lójú ẹ̀. Wákàtí méjì ni mo lò. Mo mú mẹ́wàá, mo ná an títí bàbá náà fi ń rẹ́rìn-ín.

"Èènì mi ńkọ́?" mo ní.

"Wọ́n ń gba èènì lórí awò ni, ìyá?"

"Mẹ́wàá ni mo rà, sà. Ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ lásán."

Ó wo Bánkẹ́. Ó fi ìjìnlẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bi í ní nǹkan, kíá, mi ò gbọ́ ọ. Bánkẹ́ ń wo ilẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó mú awò kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ó dúdú. Ó wúwo. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó tutù bí omi àmù.

"Ìwọ lo béèrè o," ó ní.

Mo dúpẹ́. Mo jù ú sínú báàgì pẹ̀lú àwọn yòókù. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ní ń yẹ èènì wò?

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, a jáde. Ọmọ mọ́kànlélógún ló wà ní kíláàsì mi. Mo pín awò mẹ́wàá fún ogún ọmọ, ọmọ méjì sí ẹyọ kan. Ó ku Humairah, ọmọ mi. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ara rẹ̀ ní kíláàsì rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ tíṣà kò gbọ́dọ̀ gba èyí tó dára, káwọn òbí má baà ráhùn. Nítorí náà èènì yẹn ni mo fún un. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Ọyẹ́ ń fẹ́. Àwọn ẹ̀gà ń pariwo lórí igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo tó wà ní ìpẹ̀kun pápá. Lójijì, wọ́n dákẹ́. Wọn ò fò lọ o. Wọ́n kàn dákẹ́ ni.

"Ùmmí," Humairah ní, "ta ni bàbá yẹn?"

"Bàbá wo?"

"Tó wà lábẹ́ ọ̀pẹ. Ó kẹ̀yìn sí wa."

Mo wò ó. Koríko gbígbẹ ni mo rí. Mo gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sójú.

Ọkùnrin kan dúró lábẹ́ ọ̀pẹ. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ó kẹ̀yìn sí wa lóòótọ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ koríko tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ kò mì. Mo gbé awò kúrò lójú: kò sí ẹnikẹ́ni. Mo gba ti Tiwátọ́pẹ́, ọmọ tó dúró tì mí, mo fi wo ibẹ̀: igi ọ̀pẹ nìkan. Mo tún gbé awò dúdú náà sójú. Ó wà níbẹ̀.

Kí ni kí tíṣà sọ? Mo ní kí wọ́n tò wọlé, oòrùn ti ń mú. Mo ti awò náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú báàgì ọwọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́, mo pe Bánkẹ́ lórí fóònù. Mo sọ ohun tá a rí fún un, mo tilẹ̀ fi ń ṣàwàdà.

"Ṣé Humairah ti kí i?" ó ní.

"Kí ta ni?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Bánkẹ́, kí ló dé?"

"Gíláàsì àtijọ́ ni. Má fiyè sí i." Ó pa fóònù.

Ìgbà tí mò ń ro ọbẹ̀ ni mo tó rántí pé mi ò dárúkọ Humairah fún un. Ọmọ kan ni mo pè é. Àní pẹ̀lú ìyẹn, mo tún bá a wá àwáwí. Mo ní ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé ọmọ mi ni mo máa fún ní èyí tó kù. Bí mo ṣe fẹ́ràn obìnrin yẹn tó nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, ní àkókò eré, mò ń máàkì ìwé ní kíláàsì. Mo gbójú sókè, mo wo ojú fèrèsé. Humairah nìkan ló wà ní àárín pápá. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Awò dúdú yẹn wà lójú rẹ̀. Mo fọwọ́ kan báàgì mi: kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ mọ bá a ṣe ń tọ́ ọmọ lọ́dọ̀ wa. Tí ojú àgbà bá ti bá tìẹ ṣe mẹ́rin, kúnlẹ̀, kí i. Má dúró kó kọ́kọ́ kí ọ. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ti nà án rí nítorí pé kò kí àlejò.

Mo sáré. Bàtà mi kan bọ́ sọ́nà.

"Ta lò ń kí?"

"Bàbá yẹn ni, Ùmmí. Ó ti yíjú. Ó wò mí."

"Ṣé ó dá ẹ lóhùn?"

"Ó ní, pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ó ní kí n máa bọ̀."

"Ṣé o lọ?"

Ó gbójú sókè sí mi. Ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. "Èmi nìyí," ó ní.

Mo gba awò náà. Ọkùnrin yẹn ń rìn lọ síbi ọ̀pẹ. Ó di ọmọbìnrin méjì lọ́wọ́ mú. Èyí tó wà lápá òsì wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Òwú funfun ló wà létí híjáàbù rẹ̀, torí òwú búlúù tán lọ́wọ́ mi nígbà tí mò ń rán an lọ́jọ́ Sátidé. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ga jù ú lọ, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wọnú díẹ̀ tó bá ń rìn. Mo mọ ìrìn yẹn. Èmi ni mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú nígbà tó kọ́kọ́ rìn. Ayọ̀mídé ni. Wọn ò kánjú. Kò séyìí tó wẹ̀yìn nínú wọn. Wọ́n dé abẹ́ ọ̀pẹ, ó wá ku ọ̀pẹ nìkan.

Mo gbé awò kúrò lójú. Humairah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di aṣọ mi mú. Òwú funfun wà létí híjáàbù rẹ̀. Àwọn ẹ̀gà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo wà ní Iléṣà. Ayọ̀mídé ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," ó ní. Tẹ́lẹ̀, Ìyá Òṣogbo ló máa ń pè mí, á sì fò mọ́ mi lọ́rùn. Ọdún méjì ni mo ti rò pé ó kàn ń dàgbà ni.

Bánkẹ́ wà ní ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó rí ojú mi, ó gbé àwo kalẹ̀.

"Kí ni bàbá yẹn bi ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù?"

Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

"Bánkẹ́."

"Ó bi mí bóyá ọmọ rẹ wà lára àwọn tó máa lò ó."

"O wá ní kí ni?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Mo rò pé màá gbá a létí. Ọwọ́ mi kò gbé. Mo jókòó sórí àpótí. Kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí, ká sòótọ́. Ó dùn mí ni.

"Ayọ̀mídé ti fi awò yẹn kí i. Àbúrò bàbá mi ní tí ọmọ mìíràn bá kí ẹni yẹn, á dá tèmi padà," Bánkẹ́ ní. "Ọdún méjì, Kàdí. Ọdún méjì ni mo fi ń fún ẹni tí mi ò mọ̀ lóúnjẹ."

"Nínú gbogbo ọmọ ayé, tèmi lo rí."

"Ó ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ tí mo fẹ́ràn."

Mo ṣáà bi í pé, "Ṣé ó wá dá a padà?"

Ó wo pálọ̀. Ayọ̀mídé ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ nílẹ̀, à ń gbọ́ bí pẹ́ńsù rẹ̀ ṣe ń ha ìwé. Bánkẹ́ wò ó pẹ́.

"Mi ò mọ̀," ó ní. Ó ti ń sunkún. "Ó jọ ọ́, Kàdí. Mi ò mọ̀."

Mo lè sọ fún un. Mo lè sọ pé mo rí Ayọ̀mídé lánàá, pé ọkùnrin yẹn ṣì dì í lọ́wọ́ mú. Mi ò sọ ọ́. Mo jẹ́ kó máa wò ó bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo jáde, mi ò dágbére.

Àgádágodo ló wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Bàbá Awóníyì. Wọ́n ní ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ọ̀tan-Ilé. Mo dé Ọ̀tan-Ilé, mo béèrè títí, kò sẹ́ni tó mọ ọkùnrin tó ń ta awò. Awò dúdú yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń fi wo ọ̀pẹ lójoojúmọ́. Ọ̀pẹ nìkan ni mò ń rí, ó sì mọ́ ju ti gbogbo awò yòókù lọ.

Oṣù kẹta rèé. Ọmọ tó wà nílé ń jẹun, ó ń sùn, ó ń kírun lásìkò. Zulkifli ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, ní ọmọ náà ti ń gbọ́n ni, kí n yé dààmú ara mi. Èmi náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́hun rí mi.

Ní Sátidé tó kọjá, mò ń di irun fún un. Humairah mi kì í gbà kí wọ́n dirun fún un wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti kékeré ló ti máa ń ké, á máa fa orí kúrò lọ́wọ́ mi, á máa pe bàbá rẹ̀ kó wá gbà á sílẹ̀. Èyí jókòó jẹ́ẹ́ sáàárín ẹsẹ̀ mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fa irun náà. Mo fà á gan-an. Kò mira.

"Ṣé kò dùn ẹ́ ni?" mo ní.

Ó rò ó díẹ̀. "Ṣé ó yẹ kó dùn mí, Ùmmí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké.